Ohun tí “ta gìrì” ń sọ, àti ohun tí màmá gbọ́ nínú rẹ̀

Òǹkàwé kan kọ̀wé báyìí pé: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó mi pé ọmọ ń ta gìrì lójú oorun, nítorí mo rí i pé ó máa ń fò bí ẹni tí nǹkan dẹ́rù bà. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí màmá fi dé pẹ̀lú ìgò àgbo lọ́wọ́, wọ́n sì ní n kò gbọdọ̀ pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ mọ́. Kí ni mo sọ tí kò dára? Mo sì máa ń kà á nínú ìròyìn pé ìjọba ta gìrì, ọlọ́pàá ta gìrì. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Bí ìpéǹpéjú mi bá ń fò fúnra rẹ̀, ṣé mo lè sọ pé ó ń ta gìrì? Paríparí rẹ̀, ṣé a máa ń kọ ọ́ pọ̀ ni àbí a máa ń kọ ọ́ sọ́tọ̀?”

Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run yóò dá a sí fún yín. Kí n tètè sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ kò ṣi ọ̀rọ̀ lò, màmá náà kò sì ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ohun tó fa wàhálà ni pé gìrì tó wà nídìí gbólóhùn yín ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú èdè wa: ó ń ṣàpèjúwe bí ara ṣe ń gbéra lójijì, ó sì tún jẹ́ orúkọ àìsàn ọmọdé kan tí ojú àwọn àgbà ti rí mábo lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ẹ rán an, èkejì ni màmá gbà. Wúńrẹ̀n kékeré kan tí ẹ fi síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe yín, ìyẹn “ń”, ló sì darí etí wọn síhà ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí màá ṣe ṣàlàyé láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú “ta”. Ohùn àárín ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe “tà” olóhùn ìsàlẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà ń lò. Àkekèé ń ta ènìyàn, ọdẹ ń ta ọfà, ẹṣin ń tapá, ata ń ta ni lẹ́nu, omi gbígbóná ń ta sí ni lára, àwọn àgbà sì ń ta ayò lábẹ́ igi. N kò sọ pé orísun kan ṣoṣo ni gbogbo “ta” wọ̀nyí ti ṣàn wá, nítorí ìyẹn gba àríyànjiyàn tí kò kan ìbéèrè yín. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí èyí tó ń falẹ̀ nínú wọn: nǹkan kan máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti dé ibi tó ń lọ kí ojú tó rí i dáadáa. Ìdí nìyẹn tí a fi tún bá a nínú “tají”, èyí tí í ṣe pé kí ènìyàn bọ́ lójú oorun lẹ́ẹ̀kan náà, àti nínú “ta ràrà”, tí a ń wí nípa ẹni tí ìrora ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Inú agbo yìí ni “ta gìrì” wà. Ṣùgbọ́n “ta” nìkan kò lè dá ẹrù yìí gbé, nítorí pé bí ẹ bá ní “ọmọ náà ta”, ẹni tó gbọ́ yóò dákẹ́, yóò máa retí ohun tó kù.

Ohun tó kù náà ni gìrì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀-àpọ́nlé wa tí ìró wọn ń gbé ìtumọ̀ wọn yọ, irú èyí tí ènìyàn kò lè tú palẹ̀ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ máa ń mọ̀ bí ó bá ti gbọ́ ọ. Irú àwọn ọ̀rọ̀ báyìí kì í bá gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe rìn, bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ìwà wọn, ẹ wo ẹni tí wọ́n gbà lẹ́gbẹ́ àti ẹni tí wọ́n kọ̀. A ń sọ pé ènìyàn dìde gìrì, a ń sọ pé ó jí gìrì, a ń sọ pé ó ta gìrì. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun jókòó gìrì, tàbí pé òun sùn gìrì, tàbí pé òun rìn gìrì lọ sọ́jà. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, gìrì ń fẹ́ kí ara ti wà ní ìdákẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì gbéra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé olúwarẹ̀ ti jókòó gbèrò ohun tó fẹ́ ṣe. Ìṣípò náà lè má tó ìbú ìka kan, ẹni náà sì lè má kúrò lórí àga rẹ̀ rárá; bí gbogbo ara bá ti jọ dáhùn, gìrì ni.

Ẹ wo obìnrin tó ń dín àkàrà, tí ọkàn rẹ̀ wà lórí agbada, tí ọmọ kan wá ju ìdérí ìkòkò sílẹ̀ gbàgà lẹ́yìn rẹ̀: ó ta gìrì. Ajá tó nà gbalaja sí iwájú ilé gbọ́ dídún géètì: ó jí gìrì. Olùkọ́ àgbà yọ sí kíláàsì tí ariwo ti gba ibẹ̀ kan: gbogbo wọn dìde gìrì. Ẹtu tó ń jẹ koríko gbọ́ tí igi gbígbẹ ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọdẹ: ó ta gìrì, ó sì wọ igbó lọ. Nínú èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ kíyè sí i pé títa gìrì àti sísá lọ kì í ṣe ohun kan náà. Àárín ìsinmi àti eré sísá ni gìrì wà, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

Láti ibi yìí ni mo ti lè dáhùn ọ̀rọ̀ ìpéǹpéjú yín, ìdáhùn náà sì ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìpéǹpéjú kì í ta gìrì, nítorí ẹyọ ẹ̀yà ara kan kò ní gbogbo ara tí gìrì ń béèrè. Ẹ sọ pé ìpéǹpéjú yín ń fò, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín nínú ìbéèrè. Bí ó bá sì jẹ́ itan tàbí apá ni, ẹran ara yín ló ń fò. Ọwọ́ arúgbó tí kò dúró sójú kan ń gbọ̀n, ẹni tí òtútù mú sì ń gbọ̀n rìrì. Ẹni tí abẹ́rẹ́ gún níka tó sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn kò tíì ta gìrì, àyàfi tí èjìká àti àyà rẹ̀ bá bá ọwọ́ náà gbéra. Àwọn ènìyàn tún máa ń da ọ̀rọ̀ àyà pọ̀ mọ́ ọn. “Àyà mi já” ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú, èyí tí ẹlòmíràn kò lè fi ojú rí. “Ara mi bù máṣọ” ń sọ ti awọ ara. “Mo ta gìrì” ń sọ ohun tí ẹni tó jókòó tì yín lè jẹ́rìí sí. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè sọ, láìṣe àsọdùn, pé àyà òun já ṣùgbọ́n òun kò ta gìrì, bí àgbà tí ìròyìn burúkú bá láàárín àlejò ti máa ń ṣe.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ “ń” tí mo fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú èdè wa, “ó ń sùn” jẹ́ oorun kan ṣoṣo tó ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n “ó ń ṣẹ́jú” kì í ṣe ojú ṣíṣẹ́ kan ṣoṣo tó gùn. Ojú ṣíṣẹ́ lórí ojú ṣíṣẹ́ ni. Ohun tí kì í pẹ́ kò lè máa lọ lọ́wọ́, nítorí náà, bí a bá ti fi “ń” síwájú rẹ̀, ṣíṣe é léraléra ni etí yóò gbọ́. “Ọmọ náà ta gìrì” túmọ̀ sí pé nǹkan dí i lójú oorun lẹ́ẹ̀kan, ó sì parí síbẹ̀. “Ọmọ náà ń ta gìrì” túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ ń jà, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń jà. Ìyá tó ti tọ́ ọmọ, tó sì ti tọ́ ọmọ ọmọ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún parí gbólóhùn yẹn fún un.

Gìrì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ ni èyí tó máa ń mú ọmọdé nígbà tí ibà bá gbóná jù: ojú ọmọ yóò yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò le, ara rẹ̀ yóò sì máa fò léraléra láìjẹ́ pé ó mọ ohun tó ń ṣe. A ń sọ pé gìrì mú ọmọ, tàbí pé ọmọ ń ṣe gìrì, kò sì yẹ kí a dà á pọ̀ mọ́ wárápá, tó jẹ́ àìsàn mìíràn, tó sì lè bá ènìyàn dàgbà. Lójú tèmi, kì í ṣe ìṣèèṣì ni orúkọ àìsàn náà fi bá ọ̀rọ̀-àpọ́nlé wa dọ́gba ní ìró àti ní ohùn. Ohun tí ojú ń rí lára ọmọ tí àìsàn náà mú ni gbígbéra gbogbo ara lójijì, àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ sì pè é ní ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn baba wa máa ń yẹra fún dídárúkọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù: olóde ni wọ́n ń pe ṣọ̀pọ̀nná, okùn ni wọ́n sì ń pe ejò bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Nígbà tí màmá ní kí ẹ má pe gìrì mọ́ ọmọ, inú àṣà yẹn ni wọ́n dúró sí. Ẹ má bínú sí wọn, ẹ má sì bá wọn jiyàn gírámà.

Mo fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, nítorí ìgò àgbo yẹn. Ọmọ jòjòló tí ariwo bá bá lójijì, tàbí tí wọ́n bá gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, máa ń na apá méjèèjì síta, yóò sì tún kó wọn jọ mọ́ àyà. Ernst Moro, oníṣègùn ọmọdé kan ní Jámánì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1918, orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn sì ń pè é títí di òní. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Gìrì ti ibà ní tirẹ̀ sábà máa ń wáyé láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Bí ẹ bá rọra di ọwọ́ ọmọ mú tí fífò náà sì dáwọ́ dúró, ohun tó wọ́pọ̀ ni. Bí ó bá ń bá a lọ lábẹ́ ọwọ́ yín, tàbí tí ojú ọmọ yí, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn ni ẹ gbà lọ. Ọmọ tí gìrì bá mú, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí ẹ má sì fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí ìdúró mọ́. Ní ti àgbo, pàápàá èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà sè, láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa májèlé tó wà nínú rẹ̀: ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dí i lọ́wọ́ mímí. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá tọkàntọkàn, kí ẹ sì gbé ìgò náà sí ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ti ní tó o.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ ni, “ta gìrì” kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lára, ó ti bọ́ sí ọkàn àti ìwà. A ń sọ pé kí òbí ta gìrì sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, a ń sọ pé ará àdúgbò ta gìrì nígbà tí olè ń dà wọ́n láàmú. “Sí” ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e níbí, nítorí pé ẹni tó ta gìrì lọ́nà yìí ní ohun tó kọjú sí, nígbà tí ẹni tí ìdérí ìkòkò dẹ́rù bà kò kọjú sí ohun kankan. Síbẹ̀ ìwà gìrì kò yí padà: ìsinmi gbọ́dọ̀ ti wà ṣáájú, ìgbéra náà sì gbọ́dọ̀ yá. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn nígbà tí mo bá kà á pé ìjọba ta gìrì, tí mo sì rí i nísàlẹ̀ ìròyìn náà pé ìgbìmọ̀ kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn láti lọ wo ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìyẹn kò ní gìrì kankan nínú. “Ìjọba gbé ìgbésẹ̀” ti tó o.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìlò yìí tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Nígbà tí ẹ bá sọ fún ènìyàn pé kí ó ta gìrì, ẹ ti sọ pé ó ń sùn. Oníwàásù lè sọ ọ́ fún ìjọ, olóṣèlú lè sọ ọ́ fún èrò, bàbá sì lè sọ ọ́ fún ọmọ tí ìdánwò rẹ̀ kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ bá kọjú sí àwọn àgbà ìlú nínú ìpàdé tó sì ní “ẹ ta gìrì”, bí ó tilẹ̀ lo “ẹ” ọ̀wọ̀, ó ti bú wọn, ojú wọn yóò sì fi hàn bẹ́ẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí a ta gìrì” ni yóò gbà á sílẹ̀, nítorí ó ti ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí oorun ń kùn.

Gìrì tún ní àwọn ìbátan tí ẹ óò máa bá pàdé. Nínú “ìdágìrì”, ìgbéra ojijì náà ti di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí ìró ìbọn bá dún lọ́jà, ìdágìrì bá gbogbo ọjà ni, olúkúlùkù kò sì mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ rí. Bí a bá sọ ọ́ di méjì, gìrìgìrì, ìró ẹsẹ̀ púpọ̀ ni a ń gbọ́. Ó wà nínú òwe tó ní “ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan mọ́”, èyí tí wọ́n fi ń bá àwọn tó ń yí olówó ká wí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohùn. Gírígírí olóhùn òkè kì í ṣe ìbátan wọn. Dídi nǹkan mú pinpin ni ó ń sọ, bí ìgbà tí ọmọ di aṣọ ìyá rẹ̀ mú gírígírí. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì ohùn, “giri” kan náà ni gbogbo wọn, òǹkàwé ni yóò sì fúnra rẹ̀ yan èyí tó bá ọkàn rẹ̀ mu. Ní ti yín, àmì ohùn kì bá tí gbà yín lọ́wọ́ màmá, nítorí gìrì tí ara fi ń gbéra àti gìrì tó ń mú ọmọ kò ya ara wọn sọ́tọ̀ ní ohùn.

Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ fún ìṣípò ojijì tó fúyẹ́, tí kò ní ìbẹ̀rù nínú, èdè wa ní i lọ́pọ̀. Ènìyàn lè yí padà bìrí; ohun tó kọjá lójú ọ̀nà kí a tó mọ̀ ọ́n, fìrí ni a rí i. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni “pírí”, tó wà nínú ìwúre àwọn àgbà: “Pírí ni olongo ń jí, a kì í bá òkùnrùn ẹyẹ lórí ìtẹ́.” Ẹyẹ kékeré ni olongo, bí ó bá sì ti lajú, ó ti wà lórí ẹ̀ka mìíràn nìyẹn. Ẹ gbìyànjú láti fi gìrì rọ́pò pírí nínú ìwúre yẹn, ẹ óò rí i pé ó bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀: ẹyẹ náà ti tóbi ju ìtẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì dà bí ẹni pé àṣá ló ń lé e. Ohùn wà lára ohun tó fà á. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ohùn òkè sábà máa ń bá ohun kékeré lọ, ohùn ìsàlẹ̀ a sì máa bá ohun ńlá tàbí ohun wíwúwo lọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe ohun kékeré ní róbótó, tí a sì ń pe èyí tó tóbi ní ròbòtò. N kò pè é ní òfin, nítorí bìrí àti fìrí, tí ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì parí lókè, kò tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó tó ohun tí òǹkọ̀wé lè fi etí sí. Fún màmá, “ara ọmọ fò lẹ́ẹ̀kan lójú oorun, ó sì padà sùn” ì bá ti sọ gbogbo ohun tí ẹ rí. “Ọmọ jí pírí láàárọ̀ yìí” ì bá sì ti mú wọn jó.

Ní ti kíkọ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀: ta gìrì, dìde gìrì, jí gìrì. Bí a kò ṣe ń so fòò mọ́ pọ́n nínú “ó pọ́n fòò”, tàbí báláú mọ́ funfun nínú “ó funfun báláú”, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí láti so gìrì mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń pọ́n lé. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ ni ẹ lè so ó pọ̀. “Ìtagìrì” tọ̀nà, “ìdágìrì” tọ̀nà, ó sì di dandan kí ẹ fi àmì sí wọn lórí, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀ máa ń nira láti kà láìsí ohùn.